Wọ́n ní kí n mú £150 wá kí wọ́n tó bá mi wáṣẹ́ ní London. Ṣé kò sí ọ̀fẹ́ ni?

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Ìparí ọdún 2023 ni èmi àti ọmọ mi dé bá ọkọ mi ní London. Físà iṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera, ló fi wọlé, èmi sì wọlé gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀. Peckham la ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu. Mo ń tún ọ́fíìsì ṣe láti aago mẹ́rin ìdájí títí di aago mẹ́jọ, àmọ́ wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí mo ti wà nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ báǹkì ní Ìbàdàn, nídìí owó kíkà. Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi tó lé ní ogójì, ẹnì kan ò dá mi lóhùn, kódà kí wọ́n ní àwọn ò fẹ́.

Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun á bá mi tún CV kọ, òun á sì forúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ éjẹ́ńsì mẹ́ta. £150 ló ní kí n mú wá. Ọkọ mi ní kí n má dán an wò, àbúrò mi ní kí n yáa san án kí n ríṣẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò síbi tí wọ́n ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú tó tóbi tó báyìí? Wọ́n kọ ọ́ sínú físà wa pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba, ẹ̀rù ń bà mí láti ti ilẹ̀kùn Jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn tó ń wáṣẹ́.

Màmá Ìbejì SE15
Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀. Mo ní má san kọ́bọ̀! Ọdún 27 rèé tí mo ti wà ní Peckham, bí n bá ní kí n máa ka irú arákùnrin yẹn, ilẹ̀ á ṣú.

Láti ọdún 1973 ni òfin ti wà nílẹ̀ yìí pé éjẹ́ńsì ò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ torí pé ó bá a wáṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba èèyàn ni wọ́n ti ń gbowó tiwọn. Àwọn òṣèré àti àwọn tó ń wọṣọ polówó ọjà ni òfin fi ọwọ́ tó yàtọ̀ mú, ìwọ kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Éjẹ́ńsì lè ní òun ń ta ìrànlọ́wọ́ CV lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé bí o ò bá rà á, òun ò ní bá ẹ wáṣẹ́.

Fóònù ni kí o kọ́kọ́ gbé. Pe National Careers Service, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa gbani nímọ̀ràn iṣẹ́, 0800 100 900, wọn kì í yọ owó. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ báǹkì lo ṣe nílé, kí wọ́n bá ẹ wò ó ibi tí irú ìmọ̀ yẹn bá mu níbí. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé ìkàwé Peckham. O mọ̀ ọ́n, o kàn lè má mọ̀ pé ilé ìkàwé ni: ilé aláwọ̀ ewé gàgàrà tó dúró lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín, tó dé fìlà aláwọ̀ ọsàn sórí. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ọdún yẹn náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ayàwòrán ilé sí. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tí o lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí o bá ti gba káàdì, káàdì náà ò sì gbowó. Àwọn ọmọ wa kan ń jókòó sílé, wọ́n ń fi fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ kọ ìwé iṣẹ́ ojú ewé mẹ́wàá. Ojú á fọ́, ìwé náà ò sì ní dára.

Fẹ́mi_tó_ń_tẹ̀lé
Mo jókòó síbí o. Ọ̀rọ̀ tèmi náà nìyí.

Àkànní Oníbọ́ọ̀sì
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí Àbẹ̀ní, bó bá jẹ́ Peckham lẹ wà, abẹ́ káńsù Southwark nìyẹn. Wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Southwark Works, ọ̀fẹ́ ni fún ará àdúgbò. Wọ́n á fi ẹnì kan tì yín, ẹni yẹn náà lẹ ó sì máa rí lọ, kì í ṣe pé ẹ ó máa tún ìtàn ayé yín rò fún ẹlòmíì lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni mo gbà dé ìdí bọ́ọ̀sì tí mo ń wà yìí. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tì àti share code yín (kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi hàn pé físà yín gbà yín láàyè láti ṣiṣẹ́) dání, wọ́n á béèrè bóyá ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí CV mi ṣe rí lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ. Ojú ewé márùn-ún. Mo lẹ fọ́tò mọ́ ọn, mo kọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tí mo ti wá, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, pé mo ti gbéyàwó, iye ọmọ, àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Abẹ́òkúta. Obìnrin tó ń tọ́jú mi mú bírò pupa, ó ń fà á lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń wó ilé rẹ̀. Nígbà tó parí, ojú ewé kan àti ààbọ̀ ló kù. Ó ní òfin ọdún 2010 kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti fi ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn ṣa èèyàn, torí náà kí n má tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú ni ọ̀rọ̀ "we". Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ni mo jẹ́ ní Àpápá. Ó ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀. Gbogbo gbólóhùn tí mo sọ, "we" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dá mi dúró, ó ní, "Àwọn wo ni we? Ṣé gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá wa bọ́ọ̀sì ni?" Ẹ̀rín pa mí. Nílé wa, ẹni tó bá ń sọ "èmi, èmi" ṣáá, agbéraga la ó pè é. Níbi intafíù níbí, bó o bá ti ń sọ "àwa", wọ́n á gbà pé àwọn yòókù ló ṣiṣẹ́, ìwọ dúró ń wòran. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kọ́ ẹnu mi níwájú díńgí kó tó lè sọ "èmi ni mo ṣe é" láìtijú.

Ọ̀gá Àdúgbò
Ẹ má tan arábìnrin yìí o. Físà rẹ̀ ní kò sí owó ìjọba. Bó bá fẹsẹ̀ kan Jobcentre báyìí, Home Office tó ń fúnni ní físà á mọ̀, wọ́n á fagi lé físà gbogbo wọn. Kó jókòó jẹ́ẹ́.

Adùkẹ́_Lewisham
Ọ̀gá Àdúgbò, ẹ má bínú, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí ló ń mú kí ebi máa pa àwọn èèyàn wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Mo ti ṣe fọ́lọ́ntíà níbi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn, ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ.

Òfin ò sọ pé "má gba ìrànlọ́wọ́ kankan". Àwọn owó kan ni wọ́n dárúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún kéré), owó ọmọ tí wọ́n ń pè ní Child Benefit, owó ilé, ẹ̀dínwó Council Tax, ilé káńsù, owó àìlera bíi PIP, àtàwọn kan bẹ́ẹ̀. Ìyẹn lẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kì í ṣe "public funds", owó ìjọba tí físà yín ń wí. Ilé ìwé ọmọ kò sí níbẹ̀. Ilé ìkàwé kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ràn iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Food bank, ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí níbẹ̀.

Àǹtí, ẹ sọ pé ẹ ní ọmọ. Bó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wákàtí 15 wà lọ́sẹ̀ kan tí ó lè lò ní nọ́sìrì lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò tí ilé ìwé bá wà níṣẹ́, láti táàmù tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló wà fún ní ilẹ̀ England, físà yòówù kí òbí rẹ̀ ní. Ẹ ò lè lọ sí intafíù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. New Style Jobseeker's Allowance, owó ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn owó tí wọ́n kà léèwọ̀, torí owó tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń san sínú National Insurance ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ó ní iye tó gbọ́dọ̀ ti wọlé lórúkọ yín láàárín ọdún owó orí 2, torí náà ó lè bọ́ sí i fún yín, ó sì lè má bọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan tó ní owó nínú, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Citizens Advice tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí Southwark Law Centre tó ní agbẹjọ́rò, Peckham níbẹ̀ ni tiwọn wà. Mo ti rí ẹni tó tẹ Universal Credit nígbà tó rò pé New Style lòun ń tẹ̀. Títú rẹ̀ ò rọrùn.

Ọ̀gá Àdúgbò
Ó dáa. Mi ò mọ ti owó National Insurance yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ.

Baba_Kéà
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọkọ wọn wà lórí físà kéà.

Ilé iṣẹ́ tó mú mi wá ṣèlérí wákàtí 39 lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ń fún mi ní 16, nígbà míì 12. Owó oṣù méjì kẹ́yìn, wọn ò san án. Nígbà tó yá ni Home Office gba líṣẹ́ńsì tí wọ́n fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà dé sí mi: ọjọ́ 60 láti rí ọ̀gá mìíràn tàbí kí n palẹ̀ mọ́. Mo ń ka lẹ́tà yẹn lórí àtẹ̀gùn ilé, iná àtẹ̀gùn ń kú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú kan, mo ń juwọ́ sókè kó lè tún tàn kí n lè kà á tán.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ti pè mí pé àwọn ní Certificate of Sponsorship (CoS), ìwé tí a fi ń gba físà iṣẹ́, tà. Ọ̀kan ní £9,000. Èèyàn wa ni, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń bá mi gbàdúrà lórí fóònù. Ẹ̀yin ará, wọn kì í ta CoS. Agbanisíṣẹ́ ló ń fi í fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gbà. Mo mọ méjì tó sanwó, wọn ò rí iṣẹ́, wọn ò rí owó, ọ̀kan ti padà sí Òndó.

Ohun tó gbà mí: mo lọ sí law centre. Agbẹjọ́rò tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ físà jókòó tì mí fún wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Fún owó oṣù mi, ó ní kí n pe ACAS, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, 0300 123 1100, kí n ní mo fẹ́ "early conciliation", ìyẹn ni kí wọ́n bá wa parí rẹ̀ kó tó di ẹjọ́. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ó kìlọ̀ fún mi pé òfin tó wà nígbà náà fún mi ní oṣù 3 ó dín ọjọ́ 1 péré láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó náà. Ká ní mo fi ń sunkún ni, ọjọ́ ì bá ti kọjá. Owó oṣù kan àti ààbọ̀ jáde níkẹyìn. Kò pé, mo gbà á. Ní ti ọ̀gá tuntun, mo rí ọ̀kan ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta, ó ku ọjọ́ 3.

Ẹ gbọ́ o, ẹni tó bá fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn lórí físà gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò tàbí kó wà nínú ìwé Immigration Advice Authority, àwọn tó ń jẹ́ OISC kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní ọdún 2025. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé náà wà, ẹ tẹ orúkọ ẹni náà sí i. Ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, tí kò sì sí níbẹ̀, ń rú òfin, ìbáà jẹ́ pásítọ̀.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá
Baba Kéà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìdí iná àtẹ̀gùn yẹn ni omi ti bọ́ lójú mi. Mo fi han ọkọ mi, ó ní kí n bá òun kí yín.

Arẹwà_Woolwich
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, torí ẹnì kan ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo rí intafíù àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo ní ni aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù tí wọ́n fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní káńsù Greenwich (GLLaB ni wọ́n ń pe tiwa) kọ̀wé sí Smart Works, àwọn tó ń fúnni láṣọ intafíù, fún mi. Obìnrin ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo rò pé wọ́n á ju ẹ̀wù àlòkù kan sí mi ni. Mo wọlé, yàrá kún fún aṣọ tí wọ́n fi hángà kọ́, bàtà wà nílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìyá àgbà òyìnbó kan bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́. Ó tó ọdún méjì tí ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Jákẹ́ẹ̀tì búlúù, yẹtí, báàgì, bàtà tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi jókòó, wọ́n dán mi wò bí ìgbà tó jẹ́ intafíù gan-an. Mo kó aṣọ náà lọ sílé, tèmi ni.

Èmi ti ní intafíù tó ní ọjọ́ kí n tó lọ. Àwọn ọkùnrin, Suited & Booted ni kí ẹ wá.

Màmá Ìbejì SE15
Arẹwà, o ṣe é o.

Àbẹ̀ní, mi ò fẹ́ kí o dúró de CV nìkan. Ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ ẹ ni ẹni tó mọ̀ ẹ́ nílùú yìí, tó lè kọ̀wé pé "obìnrin yìí máa ń tètè dé". Ọ̀gá báǹkì Ìbàdàn lè má fèsì ímeèlì wọn láé. Torí náà, ṣe fọ́lọ́ntíà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ìwọ tó mọ owó kà, wá credit union, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn níbí, tó sún mọ́ ẹ, sọ fún wọn pé tẹlà báǹkì ni ẹ́. Wọ́n mọyì rẹ̀ ju kí o lọ máa tò aṣọ sí charity shop, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà dára. Oṣù mẹ́ta péré, ìwé ẹ̀rí ti wà.

Mo sì fẹ́ sọ èyí jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìsí owó, ọmọ kékeré nílé. Bí oúnjẹ bá ń dín, lọ gba ìwé food bank. Ilé ìwé, dókítà tàbí Citizens Advice lè kọ ọ́ fún ẹ. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dì fún èèyàn. Èmi gan-an ti tò síbẹ̀ rí, mo wọ ìborí bò ojú, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí ìyàwó alàgbà wa níwájú mi, òun náà wọ ìborí. A ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ẹ̀wà inú agolo wọn dùn bíi ṣúgà o. Fi omi ṣàn án dáadáa, kí o wá fi ata àti epo dín in, á jẹ́ jẹ.

Fẹ́mi_tó_ń_tẹ̀lé
Kí n béèrè: ẹnì kan lórí WhatsApp ní mo ti ríṣẹ́, kí n san £65 ti DBS (ìwé tí wọ́n fi ń wádìí bóyá èèyàn ti dáràn rí) sínú àkáǹtì òun kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe intafíù fún mi.

Adùkẹ́_Lewisham
Fẹ́mi, kò síṣẹ́ níbẹ̀. Má san án. Bó bá tún ní kí o fi share code àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tì ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́. Share code gan-an ọ̀fẹ́ ni, ìwọ fúnra ẹ lo máa mú un jáde lórí gov.uk, ọjọ́ 90 ló ń lò. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń gba £30 láti bá èèyàn tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà National Insurance náà ò gbowó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lo ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Find a job" tí ìjọba ṣe ni kí o kọ́kọ́ wò.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ sí ilé ìkàwé onífìlà, mo gba káàdì. Mo pe nọ́ńbà tí Màmá fún mi, ọkùnrin tó gbé e ní sùúrù, ó ní kí n yéé kọ "bank teller" nìkan, kí n kọ iye owó tí mo ń kà lójúmọ́ àti pé kò dín rí. Mi ò ronú kàn án rí pé ẹnì kan á fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Southwark Works gbà mí, arábìnrin ará Gánà ló ń tọ́jú mi. Àkànní, ojú ewé mẹ́rin ni tèmi, ó di méjì. Ìjọba ìbílẹ̀ mi ló kọ́kọ́ fi bírò pa.

Ọmọ mi á wọ nọ́sìrì ní táàmù tó ń bọ̀. Mo ti lọ sí credit union lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n máa wá ní ọjọ́ Tuesday. Iṣẹ́ ò tíì jáde, àmọ́ wọ́n pè mí fún intafíù ní Thursday, ọ́fíìsì owó ní ilé ìwé kan ní Camberwell. Mo ń sọ "èmi ni mo ṣe é" ní ilé ìdáná, ọmọ mi ti ń fi ṣe orin.

Arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì bi mí lọ́jọ́ Sunday pé ibo ni ọ̀rọ̀ wa dé. Mo ní mo ti rí ẹni tó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n mú £80 wá.

Màmá Ìbejì SE15
Ó ti ṣẹ́wó! Ní kó dúró, á di "ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́" kó tó di oṣù tó ń bọ̀.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá
Màmá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí, bọ́ọ̀sì wo ni mo máa wọ̀ lọ sí Camberwell? Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni.

Àkànní Oníbọ́ọ̀sì
12 tàbí 36, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́jọ, Peckham Road máa ń di láàárọ̀. Bí awakọ̀ 36 bá kí yín ní Yorùbá, èmi ni.